Ṣé èèyàn lè gba físà tíṣà lókè òkun láìní dìgírì? Ẹ bá mi dá sí i

TíṣàAlẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gba oorun lójú mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí torí ibí la ti máa ń bára wa sọ òótọ́. Mi ò lọ yunifásítì. Girama ni mo kà mọ. Àmọ́ mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni, lọ́dún tó kọjá mo wá ṣe TEFL onláìnì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 120, mo sì gba sátífíkéètì ẹ̀. Ilé-ìwé èdè kan lókè òkun ti bá mi ṣe ìntáfíù lórí fídíò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní bí mo ṣe ń kọ́ èèyàn wù wọ́n, kí n máa bọ̀.

Mo wá bi wọ́n nípa físà. Ọkùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní kí n gba físà ìgbafẹ́ wọlé ná, tí mo bá ti dé, àwọn á bá mi tún un ṣe. Mo ní irú físà wo lẹ máa yí i sí? Kò dáhùn. Àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ló fi ránṣẹ́ sí mi. Látọjọ́ yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé orílẹ̀-èdè kankan wà tí òfin ti gba ẹni tí ò ní dìgírì láyè láti ṣe tíṣà, kí n ní ìwé gidi lọ́wọ́, kí n máa sùn kí n máa hanrun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ fún mi, ẹ má pọ́n mi.

Arìnrìnàjò

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun kan wà tó máa ń dà rú mọ́ èèyàn lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ kó yé ẹ kí àwọn tó kù tó dá sí i. Ilé-ìwé ló ń gbani síṣẹ́, ìjọba ló ń gbani láyè. Ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Ọ̀gá ilé-ìwé lè sọ pé òun ò wo dìgírì, ó sì lè má parọ́ o, àmọ́ òun kọ́ ló ń tẹ òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tì. Torí náà tẹ́nì kan bá ní ibi báyìí ń gba tíṣà tí ò ní dìgírì, bi í pé ta ló ń gbà á, ṣé ilé-ìwé ni àbí òfin? Orílẹ̀-èdè pọ̀ tí ilé-ìwé wọn á gbà ẹ́ lónìí tí òfin wọn ò sì ní gbà ẹ́, irú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ní kéèyàn fi físà ìgbafẹ́ wọlé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kó o kọ ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn, nínú ìmeèlì o, kì í ṣe lórí fóònù. Kí lorúkọ físà tí mo máa fi ṣiṣẹ́, bó ṣe wà nínú òfin yín gẹ́lẹ́? Ta ló máa béèrè fún un, ẹ̀yin àbí èmi, ní ọ́fíìsì wo? Ṣé ó máa jáde kí n tó kúrò nílé àbí lẹ́yìn tí mo bá dé? Ilé-ìwé tó ń ṣe é bó ṣe yẹ kì í pẹ́ dáhùn, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Èyí tí ò bá lè dárúkọ físà, kò ní físà kankan nílẹ̀ fún ẹ ni.

ÌyáOlùkọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kò rọrùn fún mi láti sọ, torí ọmọ yìí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá èmi náà sọ, máa bọ̀ ná, a máa tún un ṣe. Mo fi físà ìgbafẹ́ wọlé, mo kọ́ wọn fún oṣù márùn-ún. Tóṣù bá ti parí mo máa béèrè ìwé iṣẹ́ mi, wọ́n á ní ó ti kù díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, mo dúró síwájú bọ́ọ̀dù, mo ti kọ "she" sílẹ̀, mo fẹ́ kọ "goes" tẹ̀ lé e, bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan wọlé, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní kí n mú páásípọ́ọ̀tì mi wá. Máákà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọmọ kíláàsì ń wò mí. Wọ́n lọ bi ọ̀gá ilé-ìwé, ó lóun ò mọ̀ mí sí òṣìṣẹ́, pé àlejò tó wá wo ilé-ìwé ni mí. Orúkọ mi sì wà lórí táìmù-tébù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn ẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́.

Wọ́n tì mí mọ́lé fọ́jọ́ mẹ́fà, mo san owó ìtanràn, wọ́n sì dá mi padà. Owó oṣù kan àbọ̀ ni ilé-ìwé jẹ mí, mi ò rí i gbà dòní. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn, nígbà tó jẹ́ pé lójú òfin mi ò ṣiṣẹ́ kankan? Àmọ́ owó kọ́ ló dùn mí jù. Ìbéèrè kan ń bẹ nínú fọ́ọ̀mù físà tí mo ti ń kọ látìgbà yẹn: ṣé wọ́n ti lé ọ kúrò ní orílẹ̀-èdè kankan rí? Mi ò lè parọ́, bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ fún mi. Ọmọ mi, má lọ.

TíṣàAlẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ, ara mi bù máṣọ. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Màá kọ ìmeèlì yẹn lálẹ́ òní. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tó kù, ibo ló wá ṣeé lọ?

Kọ̀wéránṣẹ́

Ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ilẹ̀kùn ti tì, kówó má lọ sí i. Ṣáínà: físà Z, ìyẹn físà iṣẹ́ wọn, àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni, dìgírì bachelor ni wọ́n ń béèrè fún tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tún fẹ́ ìrírí ọdún méjì tàbí sátífíkéètì wákàtí 120. TEFL tó o ní yẹn bo apá kejì, kò lè bo apá kìíní láéláé, éjẹ́ǹtì tó bá ní ó lè bò ó ń tàn ẹ́ ni. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2013 sọ pé àlejò tó bá ń ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ á san yuan 5,000 sí 20,000, tọ́rọ̀ bá le, wọ́n á tún tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15.

Gúúsù Kòríà: físà E-2, dìgírì ni, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Kánádà, Bìrìtéènì, Ayélándì, Ọsirélíà, Niu Sílándì àti Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tì ẹ̀ ò sí nínú wọn, kódà kó ní dìgírì, kó má da ara ẹ̀ láàmú síbẹ̀. Fiẹ́tnámù náà ń béèrè dìgírì pẹ̀lú sátífíkéètì ìkọ́ni kí wọ́n tó fúnni níwèé iṣẹ́. Tàílándì, tó bá jẹ́ ilé-ìwé gidi, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Khurusapha gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i, dìgírì ni wọ́n sì ń wò. Ẹ wò ó, àwọn ibi tí mo kà yìí náà lẹ máa ń rí jù nínú ìpolówó pé kò sí dìgírì kò sí wàhálà.

Arìnrìnàjò

Ó ti sọ ọ́ dáadáa. Ní báyìí, ibi tí mo fẹ́ kí àbúrò wa tẹjú mọ́ ni Jàpáánì. Ohun tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé láìsí dìgírì, gbàgbé Jàpáánì. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ẹ ka òfin náà délẹ̀. Físà tí wọ́n máa ń fún tíṣà ilé-ìwé èdè àdáni ń jẹ́ Engineer/Specialist in Humanities/International Services, orúkọ yẹn gùn, ẹ fara balẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Fún iṣẹ́ kíkọ́ èdè, ẹni tó bá ti gba dìgírì, ó parí síbẹ̀. Ẹni tí kò gbà á, ìrírí ọdún mẹ́ta nínú iṣẹ́ kan náà lè dúró fún un. Ọdún 3 o. Àwọn kan á ní ọdún 10 ni, ọdún 10 wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ iṣẹ́ mìíràn tó wà lábẹ́ físà kan náà ló wà fún, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í gbọ́ tí wọ́n á sì lé ẹni tó yẹ kó lọ padà.

Ilé-ìwé tó fẹ́ gbà ẹ́ ló máa lọ béèrè ìwé kan tó ń jẹ́ Certificate of Eligibility lọ́dọ̀ ìmígréṣọ̀n wọn. Tó bá jáde wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹ, ìwọ á mú un lọ sí ẹ́ḿbásì fún físà. Ṣé o rí i pé ìwé ti jáde kó o tó gbéra? Bí nǹkan gidi ṣe máa ń rí nìyẹn. Ti ilé-ìwé ìjọba lọ́hùn-ún jẹ́ físà Instructor, òfin tiẹ̀ yàtọ̀, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ o.

Ìwọ ti kọ́ èèyàn fọ́dún mẹ́rin. Ibi tí wàhálà wà ni ẹ̀rí. Iṣẹ́ alákòókò kíkún ló máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lójú wọn, ìrọ̀lẹ́ nìkan lo sì fi ń ṣe tìẹ, torí náà gbogbo wákàtí tó o ti kọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀?

TíṣàAlẹ́

Ọdún méjì àkọ́kọ́, wákàtí 10 lọ́sẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Láti ọdún kẹta mo gba kíláàsì ọjọ́ Sátidé kún un, ó wá di wákàtí 22. Mo lè ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún mi, olórí wa tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìwéòparọ́

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí ni mo dúró dè. Wọ́n kọ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ tèmi, mo sì mọ ìdí ẹ̀ báyìí. Ohun tí ọ̀gá mi kọ ni pé tíṣà wa ni, ọmọlúwàbí ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn ẹ̀, Ọlọ́run á máa tì í lẹ́yìn. Ó kọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ẹni tó ń kà á lókè òkun ò sì rí nǹkan kan dì mú nínú ẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí wákàtí, kò sí ohun tí mo kọ́ wọn.

Lẹ́tà kejì ni wọ́n gbà. Orúkọ mi wà níbẹ̀ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tì, lẹ́tà sí lẹ́tà, orúkọ àárín náà ò gbọ́dọ̀ sọnù. Ọjọ́, oṣù àti ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí mo parí. Iye wákàtí lọ́sẹ̀, tó bá yí padà láàárín, kí wọ́n kọ méjèèjì àti ìgbà tó yí. Ipò mi, èdè tí mo fi kọ́ wọn, ọjọ́ orí àwọn tí mo kọ́. Pé wọ́n sanwó fún mi. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú, ipò ẹ̀, nọ́ńbà fóònù tó ń lọ, ìmeèlì, òǹtẹ̀, gbogbo ẹ̀ lórí bébà tó ní orúkọ ilé-ìwé lókè. Wọ́n pe nọ́ńbà yẹn o! Ọ̀gá mi ló sọ fún mi, ó ní wọ́n bi òun pé ọjọ́ wo ni mo máa ń kọ́ wọn lọ́sẹ̀, wọ́n ń fi ohun tó sọ wé ohun tó wà nínú lẹ́tà.

Fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Táìmù-tébù àtijọ́, rísíìtì owó oṣù, ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó wọlé, ìwé owó orí tó o bá ní. Èyí tó o bá rí lónìí, ya fọ́tò ẹ̀ lónìí, torí ilé-ìwé máa ń kógbá wọlé, ọ̀gá á kó lọ, wàá wá máa wá ẹni tó máa jẹ́rìí sí ọdún mẹ́rin ayé ẹ.

Etíkun

Kí n sọ ti Tàíwàn torí mo rí àwọn kan níbí tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹni tí ò ní dìgírì, wọ́n sì ní dìpúlómà ọlọ́dún méjì nílé. Dìpúlómà yẹn kì í ṣe òfo! Tàíwàn ń gba ẹni tó ní dìgírì associate, ìyẹn ti ọdún méjì, tó bá fi sátífíkéètì ìkọ́ni tì í, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń pè ní buxiban. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ogún ọdún, ilé-ìwé sì gbọ́dọ̀ fún un ní wákàtí 14 lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Èyí tó ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò ni pé èdè tó o fẹ́ kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè ìjọba ní orílẹ̀-èdè tó fún ẹ ní páásípọ́ọ̀tì, kí wọ́n sì gbà pé dìpúlómà ẹ dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, torí náà fi ìwé ẹ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kó o tó san kọ́bọ̀. Girama nìkan ni àbúrò wa kà, kò kàn án, àmọ́ àwọn mìíràn ń kà á.

Kọ́lájọ

Mẹ́síkò ni mo wà, wọ́n ò béèrè dìgírì lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń lọ rèé. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbà ẹ́ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INM, ìyẹn ìmígréṣọ̀n wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè gba àlejò síṣẹ́. Wọ́n á béèrè àṣẹ lórúkọ ẹ, INM á fún wọn ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní NUT, ìwọ á mú nọ́ńbà yẹn lọ sí kọ́ńsúléètì wọn fún ìntáfíù. Físà náà á ṣeé lò fọ́jọ́ 180, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lè fi wọlé, tó o bá sì wọlé ọjọ́ 30 lo ní láti lọ fi gba káàdì olùgbé. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 30 yẹn kọjá o, mo mọ ẹnì kan tó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ sinmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bi ilé-ìwé pé ẹ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ INM? Tí wọ́n bá ní rárá, wọn ò lè gba físà iṣẹ́ fún ẹ, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn ẹ tó.

Kàmbódíà náà wà, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ. Físà E lèèyàn máa gbà, kì í ṣe T, T yẹn ni ti ìgbafẹ́. Dọ́là 35 ni, oṣù kan ló ń lò, tó bá yá wọ́n á sún un síwájú sí irú kan tí wọ́n ń pè ní EB fún oṣù 1, 3, 6 tàbí 12. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí EB wọ́n á rò pé ó ti tán, kò tíì tán o, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ṣì wà lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́. Físà ní kó o máa gbé ibẹ̀, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló ní kó o ṣiṣẹ́. Gba méjèèjì.

Ọ̀gáaramì

Ọ̀nà kan tún wà tẹ́ ẹ ò tíì dárúkọ, kéèyàn má jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní Ṣẹ́ẹ̀kì, ìwé àṣẹ òwò ni tíṣà tó pọ̀ ń lò, živnostenský list, živno lẹnu. Kíkọ́ni ní kíláàsì àti lẹ́sìn wà lára àwọn òwò tí wọ́n ń pè ní òwò ọ̀fẹ́, wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ kankan fún un, kéèyàn ṣá ti pé ọdún 18 kó má sì ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn. Koruna 1,000 lowó ìforúkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ gba físà ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún òwò pẹ̀lú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti le, wọ́n á fẹ́ rí ibi tó o máa gbé, owó nínú báǹkì, ìwé ọlọ́pàá, adójútòfò ìlera, ó sì máa ń pẹ́. Gbogbo ewu òwò wà lọ́rùn ẹ náà o, akẹ́kọ̀ọ́ ò bá wá, owó ò wọlé, owó ìlera àti owó orí á sì máa dé lóṣooṣù.

Jámánì ní irú ẹ̀, abala 21 ìsọ̀rí 5 nínú òfin ibùgbé wọn, fún iṣẹ́ àdáṣe, tíṣà sì wà lára ẹ̀. Wọ́n á fẹ́ rí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹ, ẹni tó bá sì ti lé lọ́dún 45 á fi hàn pé òun ti ń tọ́jú owó ọjọ́ ogbó.

Ní Sípéènì, ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 30 lọ́sẹ̀, tí kò bá ti dí ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ́wọ́. Fún àwọn tó ń kọ́ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin wọn 28/2022 ṣí físà kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, dìgírì tàbí ìrírí ọdún mẹ́ta. Ẹ rí i pé ọdún mẹ́ta yẹn tún jáde?

Sárédé

Ẹ̀yin náà fẹ́ràn wàhálà. Èèyàn wà tó ń ta dìgírì, ìwé tó mọ́ dáadáa, nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Kó ra ọ̀kan kó lọ síbi tó bá wù ú.

ÌyáOlùkọ́

Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹni yòówù kẹ́ ẹ jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ èyí fún ọmọ tó ń wá ọ̀nà tó mọ́. Èmi tí mo fi físà ìgbafẹ́ ṣiṣẹ́, ìtanràn ni mo san. Ẹni tó fi ìwé èké béèrè físà, ẹ̀sùn ọ̀daràn ló ń wá sọ́rùn ara ẹ̀, ó sì lè máa kọ́ èèyàn lọ fọ́dún mẹ́ta kí wọ́n tó kọ lẹ́tà sí yunifásítì pé ẹ bá wa wo orúkọ yìí.

Kọ̀wéránṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí wọ́n máa ń sọ pé tí wọ́n bá ti lẹ apostille mọ́ ọn ó ti di òótọ́. Apostille, tó wá látinú àdéhùn Hague ọdún 1961, ń jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ ara ìwé ni, kì í jẹ́rìí pé ohun tó wà nínú ìwé rí bẹ́ẹ̀. Ìwé èké tó ní apostille ṣì jẹ́ ìwé èké. Orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn náà á gba apostille, èyí tí ò sí níbẹ̀ á ní kó o lọ gba òǹtẹ̀ ẹ́ḿbásì. Ó ń yí o, Ṣáínà wọ inú ẹ̀ ní November 7, 2023, Kánádà wọ inú ẹ̀ ní January 2024, torí náà ìmọ̀ràn àtijọ́ tẹ́ ẹ rí káàkiri lè má bá a mu mọ́. Ìwé ọlọ́pàá ní tiẹ̀, ẹ má sáré gbà á, oṣù mélòó kan péré ni wọ́n máa ń kà á sí, ẹ dúró kí iṣẹ́ dájú ná.

Etíkun

Àbúrò, TEFL onláìnì yẹn, ṣé o kọ́ èèyàn lójúkojú nínú ẹ̀ tí ẹnì kan ń wò ẹ́?

TíṣàAlẹ́

Rárá mà, fídíò àti ìdánwò nìkan ni.

Etíkun

Tówó bá wà, ronú sí CELTA ti Cambridge tàbí CertTESOL ti Trinity, sátífíkéètì ìkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Méjèèjì ò sọ dìgírì di dandan, wàá kàn fi hàn pé ìwé tó o kà tó ẹni tó lè wọlé sí yunifásítì, wọ́n á sì dán Gẹ̀ẹ́sì ẹ wò. Wákàtí mẹ́fà lo máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gidi, olùkọ́ ẹ á jókòó sẹ́yìn kíláàsì á máa kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rántí ẹ̀kọ́ kejì tèmi, ó ní mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 31 nínú 40, pé ìgbà wo làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sọ tiwọn? Mo sunkún díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí fídíò tó lè sọ ìyẹn fún mi. Kò ní dípò dìgírì níbi tí òfin bá ti ní dìgírì o, àmọ́ níbi tí òfin bá ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi ẹ́.

Kọ́lájọ

Àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó máa wá físà tíṣà kiri. Ní Jàpáánì ẹni tó bá ní físà aya tàbí ọkọ ọmọ ibẹ̀, iṣẹ́ tó bá wù ú ló lè ṣe, ìmígréṣọ̀n ò ní bi í léèrè dìgírì. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọkọ tàbí aya tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 28 lọ́sẹ̀. Físà àwọn ọ̀dọ́ náà wà, working holiday, ọdún 18 sí 30 lọ́pọ̀ ibi, àárín orílẹ̀-èdè tó bá bára wọn dá májẹ̀mú nìkan ni, ẹ wò ó bóyá tiyín wà níbẹ̀.

TíṣàAlẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́. Mo kọ ìmeèlì sí ọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹ̀gbọ́n ṣe kà á sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ló tó dáhùn. Kò dárúkọ físà kankan, ó ní àwọn tíṣà mẹ́fà ló ti wá bẹ́ẹ̀ kò sì sẹ́ni tó rí ìjàǹbá, pé tí mo bá ń bẹ̀rù kí n sọ kó fi àyè náà fún ẹlòmíì. Mo kọ̀wé pé kó fún ẹlòmíì. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́, mo ti ń wo fọ́tò ìlú yẹn láti oṣù kejì.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá olórí wa. Ó kọ lẹ́tà fún mi lójú ẹsẹ̀, ó dáa púpọ̀, ó yìn mí títí, kò sì sí wákàtí níbẹ̀. Ìtìjú mú mi láti dá a padà fún un, àmọ́ mo rántí Ìwéòparọ́, mo bá kọ gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ sórí bébà kan, mo fi lé e lọ́wọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù, a jọ ka wákàtí náà lóṣooṣù, ìrọ̀lẹ́ tán kílẹ̀ tó ṣú, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èmi gan-an ò mọ̀ pé mo ti kọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti tún un kọ, ó buwọ́ lù ú, òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀. Ilé-ìwé méjì ní Jàpáánì ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ọ̀kan ní Mẹ́síkò.

Ìwéòparọ́

O ṣeun tó o dá a padà. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́, ṣé ó wà níbẹ̀?

TíṣàAlẹ́

Ó wà níbẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá pe òun lóru, òun á gbé e.